Ṣé òun ló sọ ọ́ lóòótọ́? Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ quote àwọn aṣáájú ẹ̀sìn wò kẹ́ ẹ tó fọ́wáàdì ẹ̀

Gbogbo wa la mọ irú fọ́tò yẹn: òkè tàbí òkun lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ aládùn kan níwájú, wọ́n á wá kọ orúkọ Buddha tàbí Gandhi tàbí Mother Teresa sí i nísàlẹ̀. Kò síwèé, kò sọ́dún, kò síbi tó ti sọ ọ́. Ó dùn, ó mọ́gbọ́n wá, ó sì jọ nǹkan tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà o, torí "ó jọ nǹkan tó lè sọ" yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ á béèrè pé ibo ló wà, ọdún wo ni, ta ló gbọ́ ọ tàbí ta ló kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti di ìbéèrè mẹ́ta yẹn mú, ìyókù ò le, ó kàn gba sùúrù díẹ̀ ni, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín sì tó o ṣe.

Ohun kan kí n tètè sọ kó má baà di ìjà: ẹni tó bá ní lágbájá ló sọ nǹkan ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá. Kò séèyàn tó lè fi hàn pé Gandhi ò sọ gbólóhùn kan rí láyé ẹ̀, ta ló tẹ̀ lé e káàkiri tọ̀sántòru? Torí náà tẹ́nì kan bá ní "ẹ fi hàn pé kò sọ ọ́", ẹ rọra dá a lóhùn pé òun ni kó mú ìwé wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ já ègé kan nínú ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ fi wá a

Ẹ má da gbogbo ẹ̀ sórí Google bó ṣe rí. Ẹ mú bí ọ̀rọ̀ márùn-ún sí méje tó ṣàrà ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀, irú èyí téèyàn ò lè ṣèèṣì tò bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí Google lè mú ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà ẹ tún un wá láìfi orúkọ ẹni tí wọ́n ló sọ ọ́ sí i. Èyí ṣe pàtàkì gan-an o, torí tẹ́ ẹ bá ti fi orúkọ Buddha sí i, gbogbo ibi tí wọ́n ti pa á mọ́ Buddha nìkan ló máa tò síwájú yín, ẹni tó ni ín gan-an á wà lẹ́yìn pátápátá tẹ́ ẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò ni, Google Lens máa bá yín ka ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde ni àwọn ìkànnì tó ń kó quote jọ, BrainyQuote, Goodreads àti irú wọn. Ìyẹn ò ṣẹ̀rí. Ẹni tó bá ṣáà ti ní àkáǹtì lórí Goodreads lè fi quote síbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ìkànnì á sì kọ́pì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wo iye ibi tó wà ẹ máa rò pé ẹlẹ́rìí ti pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló sọ̀rọ̀, àwọn tó kù ń tún un sọ ni. Ibi tí mo máa ń lọ ní tèmi ni Wikiquote, ẹ wá orúkọ ẹni náà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo apá ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ "Misattributed" àti "Disputed" sí, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwọn tí wọ́n gbé sí i lẹ́nu sí. Quote Investigator ti Garson O'Toole náà dáa gan-an, wọ́n máa ń to ẹ̀rí sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ti Buddha ní tiẹ̀, ẹnì kan tó ń jẹ́ Bodhipaksa ní ìkànnì odidi fún un, Fake Buddha Quotes. Tẹ́ ẹ bá bá a níbẹ̀ iṣẹ́ ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀rí tí wọ́n mú wá, ẹ má kàn wo àkọlé kẹ́ ẹ sáré lọ bá èèyàn jà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó bóyá èdè ẹ̀ bá ìgbà ẹni náà mu

Èyí ò gba àkókò. Tí ẹni tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmúra-ẹni-níṣìírí ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ fura. Tí wọ́n bá ní ẹni mẹ́ta ló ni ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ tún fura sí i. Àdúrà tó ní kí Ọlọ́run fún wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti gba ohun tá ò lè yí padà, ẹ máa rí i lórúkọ Augustine, ẹ máa rí i lórúkọ Francis ti Assisi, ẹni mímọ́ Kátólíìkì àtijọ́ làwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ Reinhold Niebuhr ni wọ́n kà á sí, pásítọ̀ àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ará Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ẹni tó gbajúmọ̀ jù ló máa ń jogún ọ̀rọ̀ ẹni tí ò lókìkí tó o, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìgbà wo ló kọ́kọ́ fara hàn?

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ lọ sórí Google Books, ẹ tẹ ègé ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọdún pààlà sí i, kẹ́ ẹ wá máa sún ààlà náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ṣáájú 2000, ṣáájú 1980, ṣáájú 1950, títí tí ò fi ní mú nǹkan kan wá mọ́. Archive.org náà lè wá ọ̀rọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti ṣe scan wọn. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọdún yẹn wé ọdún tí ẹni tí wọ́n ló sọ ọ́ kú.

Wọ́n ní Martin Luther, pásítọ̀ ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, ló sọ pé tóun bá tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀la layé máa parẹ́, òun á ṣì gbin igi ápù òun lónìí. Luther kú ní 1546. Ibi tó pẹ́ jù tí àwọn tó ń ṣèwádìí ẹ̀ tíì bá a ni lẹ́tà kan tí pásítọ̀ kan ní Jámánì kọ ní October 1944, nígbà tí ogun ń fọ́ ìlú wọn túútúú, tẹ́ ẹ bá ronú sí i ẹ máa rí ìdí tí wọ́n fi nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nǹkan bí irinwó ọdún ló wà láàárín. Luther yìí kan náà, àwọn èèyàn ń kọ ohun tó bá sọ nídìí oúnjẹ sílẹ̀, àkójọ iṣẹ́ ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Weimar lé ní ọgọ́rùn-ún ìdìpọ̀, ibo ni igi ápù wá sá pamọ́ sí nínú gbogbo ẹ̀?

Ti Francis ti Assisi tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Olúwa, fi mí ṣe ohun èlò àlàáfíà rẹ", àìmọye èèyàn ló mọ̀ ọ́n bí àdúrà Francis, wọ́n ń kọ ọ́ lórin, wọ́n ń gbé e kọ́ ògiri. Francis kú ní 1226. Àdúrà náà kọ́kọ́ jáde ní 1912, ní èdè Faransé, nínú ìwé ìròyìn ìsìn kékeré kan ní Paris tó ń jẹ́ La Clochette, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì tí àwòrán Francis wà níwájú ẹ̀, àwọn èèyàn yí káàdì síwá sẹ́yìn, wọ́n bá gbà pé ẹni tó wà níwájú ló ni ohun tó wà lẹ́yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ lára fọ́tò èèyàn.

Ẹ ṣọ́ra fún ọdún tí Google Books bá kọ o. Tó bá jẹ́ ìwé ìròyìn tó ti ń jáde láti 1920, ó lè kọ 1920 sára èyí tó jáde ní 1978. Ẹ wá ojú ìwé tí wọ́n tẹ ọdún sí gan-an, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i kẹ́ ẹ tó gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ sílé ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ aṣáájú ẹ̀sìn ló níbi tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jọ sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ti Gandhi, ìjọba Íńdíà tẹ ìdìpọ̀ 100 jáde, ẹ lè kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìdìpọ̀ tó wà nínú ti orí kọ̀ǹpútà àti ti ìwé títẹ̀ kì í dọ́gba, torí náà ẹ fi déètì àti àkọlé àpilẹ̀kọ wá a, ẹ má gbára lé nọ́ńbà nìkan. Ti Martin Luther King wà ní King Institute ti Yunifásítì Stanford. Ti Buddha, SuttaCentral ni kẹ́ ẹ lọ, ìkànnì tó kó àwọn ìwé àtijọ́ ẹ̀sìn Buddha jọ. Àwọn póòpù, ohun tí wọ́n bá sọ ní gbangba máa ń wà lórí vatican.va, ìwàásù, lẹ́tà, ọ̀rọ̀ fún àwọn àlejò, pẹ̀lú déètì. Ní December 2013, ọ̀rọ̀ kan jà ràn-ìn pé Póòpù Francis sọ níbi ìpàdé ńlá Vatican kẹta pé gbogbo ẹ̀sìn ló jẹ́ òótọ́. Ìpàdé kẹta wo? Ìkejì ló ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, láti 1962 sí 1965. Ìkànnì tó ti jáde, àwọn tó ni ín kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn pé àwàdà ló pọ̀ jù nínú ohun táwọn ń gbé jáde, àwọn tó ń fọ́wáàdì ẹ̀ ni ò dé ojú ìwé yẹn.

Bíbélì ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò, síbẹ̀ àwọn èèyàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọlọ́run ń ran ẹni tó bá ran ara ẹ̀ lọ́wọ́" ò sí nínú Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, Benjamin Franklin tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àlùmánáákì ẹ̀ ní 1736, kì í sì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. "Owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo" náà, wọ́n ti gé orí ẹ̀: 1 Tímótì 6:10 sọ pé ìfẹ́ owó ni.

Ti Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad, àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ti ń ṣe irú iṣẹ́ tá à ń sọ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kó tó di pé a gbọ́ orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣe é dáa ju ẹnikẹ́ni lọ. Hádíìsì kọ̀ọ̀kan ní apá méjì, ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ àti isnad, ìyẹn orúkọ àwọn tó gbà á lẹ́nu ara wọn títí dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Wọ́n á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹni yìí bá ẹni yẹn láyé, ṣé olóòótọ́ ni, ṣé orí ẹ̀ mú ọ̀rọ̀ dúró? Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní sahih tó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, hasan tó bá dáa díẹ̀, da'if tó bá lẹ, mawdu' tó bá jẹ́ àdábọwọ́. Torí náà tẹ́nì kan bá fi Hádíìsì ránṣẹ́, ẹ bi í léèrè ìwé wo, nọ́ńbà mélòó, ipò wo. Sunnah.com máa ràn yín lọ́wọ́, ipò ọ̀pọ̀ wọn wà nísàlẹ̀ ẹ̀. "Ẹ wá ìmọ̀ kódà kó jẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà" lókìkí gan-an, bẹ́ẹ̀ Ibn al-Jawzi, onímọ̀ Hádíìsì àtijọ́ kan, kó o mọ́ àwọn àdábọwọ́, àwọn onímọ̀ míì náà sì ti sọ̀rọ̀ sí i. Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e, pé wíwá ìmọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn lórí gbogbo Mùsùlùmí, ní ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó wà nínú ìwé Hádíìsì Ibn Majah. Ẹ ò rí i pé gbólóhùn méjì tí wọ́n so pọ̀ lè má rìn lójú ọ̀nà kan náà, ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ló túmọ̀ ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yìí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí náà ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà, ẹnì kan ló túmọ̀ ẹ̀, ẹni yẹn sì lè fi iyọ̀ tiẹ̀ sí i. Wọ́n ní Buddha sọ pé nǹkan mẹ́ta ò lè fara pa mọ́ pẹ́: oòrùn, òṣùpá, àti òtítọ́. Ẹ lọ wo Anguttara Nikaya, ọ̀kan lára àkójọ ọ̀rọ̀ Buddha, lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta ló ń tàn ní gbangba: òṣùpá, oòrùn, àti ẹ̀kọ́ òun ìlànà tí òun Buddha fi lélẹ̀. Ẹ̀kọ́ tiẹ̀ ló ń yìn, kò sọ ohunkóhun nípa irọ́ tó máa tú. Lónìí àwọn èèyàn ń fi èyí tó ní òtítọ́ ò lè fara pa mọ́ yẹn halẹ̀ mọ́ àwọn olóṣèlú.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni èyí tó ní Buddha sọ pé ká má gba ohunkóhun gbọ́, kódà kó jẹ́ òun ló sọ ọ́, àyàfi tó bá bá ọgbọ́n orí tiwa mu. Ọ̀rọ̀ tó bá àwọn Kalama, àwọn ará ìlú kan láyé ìgbà yẹn, sọ ni wọ́n fà á yọ látinú ẹ̀. Nínú ojúlówó ẹ̀, ìrònú àti ìfòyemọ̀ ara ẹni wà lára ohun tó ní kí wọ́n má gbára lé nìkan, ó tún ní kí wọ́n wo ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń dẹ́bi fún. Wọ́n ti yí i lórí kodò.

Rumi, akéwì Mùsùlùmí tó kọ̀wé lédè Páṣíà, náà ń bẹ nínú ọ̀ràn yìí. Coleman Barks, tí ọ̀pọ̀ quote Rumi lédè Gẹ̀ẹ́sì ti wá, sọ fúnra ẹ̀ pé òun ò gbọ́ èdè Páṣíà, ìtumọ̀ àwọn ẹlòmíì lòun ń tún kọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ka Barks o, ó dùn-ún kà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Rumi sọ, ẹ fi wé ìtumọ̀ Nicholson tó jáde láàárín 1925 sí 1940. Àwọn kan ò tiẹ̀ kan Rumi rárá: èyí tó ní iṣẹ́ wa kì í ṣe ká máa wá ìfẹ́ kiri, ká wá àwọn ìdènà tá a ti mọ sínú ara wa ni, inú A Course in Miracles ló wà, ìwé tó jáde ní 1976. Rumi kú ní 1273.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ka ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ti rí i nínú ìwé ẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń yá lò. Gbólóhùn tí Martin Luther King fi ń sọ pé ọ̀nà ìwà rere ayé yìí gùn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ òdodo ló ń tẹ̀ sí, King sọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó kọ ọ́ ní 1958 ó fi àmì àyọlò sí i, torí ó mọ̀ pé òun kọ́ lòun ni ín. Ìdí ẹ̀ wà nínú ìwàásù Theodore Parker, pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1853. John Wesley náà, ìwàásù ẹ̀ lórí aṣọ wíwọ̀ ni "ìmọ́tótó ló tẹ̀ lé ìwà-bí-Ọlọ́run" wà, òun náà fi àmì àyọlò sí i, síbẹ̀ títí di òní àwọn kan ń wá a nínú Bíbélì.

Àmì àyọlò kékeré yìí lè dá wàhálà sílẹ̀ o. Ní May 2011, lẹ́yìn tí wọ́n pa Osama bin Laden, ẹnì kan kọ ọ́ sórí Facebook ẹ̀ pé òun ń ṣọ̀fọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kú, ṣùgbọ́n òun ò ní yọ̀ sí ikú ẹnì kan, kódà kó jẹ́ ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nìyẹn. Ó wá fi gbólóhùn King tẹ̀ lé e, èyí tó ní fífi ìkórìíra san ìkórìíra ń sọ ìkórìíra di púpọ̀ ni, ó fi àmì àyọlò sí tìyẹn, ó kọ orúkọ King. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Àwọn tó kọ́pì ẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí àmì náà jábọ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, nígbà tí wọ́n tún gé e kó lè wọ Twitter, ti King gan-an ló gé dànù, ti ẹni yẹn ló kù, orúkọ King sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan ó ti kárí ayé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ parọ́ nínú gbogbo wọn.

Ẹ̀rọ AI ńkọ́? Ẹ lè ní kó bá yín ronú ibi tẹ́ ẹ máa wá a dé, ṣùgbọ́n ẹ má gba ìwé àti ojú ìwé tó bá kà sílẹ̀ láìṣí ìwé náà wò, torí ó lè dá ìwé tí ò sí láyé sílẹ̀, kó fi ọdún àti ojú ìwé sí i, láìmira. Fídíò àti ohùn náà, wọ́n ti lè fi ẹ̀rọ ṣe é báyìí. Ẹ wá ọjọ́ àti ibi tó ti sọ̀rọ̀ náà, tí ò bá sí, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: kí lẹ máa kọ sí i?

Má jẹ́ kó jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ nìkan lẹ máa sọ. Ó sọ ọ́, ìwé rèé. Ó sọ ọ́, àmọ́ ẹlòmíì ló ni ín. Ẹlòmíì ló sọ ọ́ pátápátá. A ò rí ibi tó ti sọ ọ́. Ó sọ nǹkan tó jọ ọ́. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló fi ránṣẹ́ sínú group WhatsApp, ẹ má da á lójú tì níṣojú gbogbo èèyàn, ẹ lọ bá a ní kọ̀rọ̀, ẹ ní "ẹ kú iṣẹ́ sà, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi tí mo fi wá ìdí ẹ̀ lọ", kẹ́ ẹ wá fi líǹkì sí i. Ó máa ń wọlé ju "féèkì nìyẹn" lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì ti mọ ẹni tó ni ín, ẹ fún un lẹ́tọ̀ọ́ ẹ̀. Èyí tó ní kẹ́ ẹ ṣe rere síbẹ̀, kẹ́ ẹ dárí ji èèyàn síbẹ̀, tí wọ́n máa ń pè ní ti Mother Teresa, Kent M. Keith ló kọ ọ́ ní 1968, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà. Wọ́n gbé e kọ́ ògiri ilé àwọn ọmọdé tí Mother Teresa ń bójú tó ní Calcutta, ìwé kan tó jáde ní 1995 gbé e látibẹ̀, ó di tiẹ̀.

Fún èyí tó jọ ọ́, ẹ kàn fi ojúlówó rọ́pò ẹ̀. "Ẹ jẹ́ ìyípadà tẹ́ ẹ fẹ́ rí láyé", kò síbi tí Gandhi ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Indian Opinion, ìwé ìròyìn tó ń gbé jáde ní Gúúsù Áfíríkà, ní August 1913, ó kọ ọ́ pé tá a bá lè yí ara wa padà, ìṣesí ayé náà á yí padà, pé bí èèyàn bá ṣe ń yí ìwà ẹ̀ padà ni ìwà ayé sí i máa ń yí padà, ká má dúró wo ohun tí àwọn ẹlòmíì máa ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń wá a nínú àkójọ náà, ẹ má wá a lábẹ́ òṣèlú o: àpilẹ̀kọ nípa ìlera ló wà, níbi tó ti ń sọ ohun téèyàn máa ṣe tí ejò bá bù ú jẹ.